Gẹdú àti Ẹ̀rọ Agbẹ́rù

Òkè-Agbo jẹ́ ọ̀kan nínú àdúgbò márùn-ún tí ó para pọ̀ di ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ti sọ bí ìgbésí ayé àwọn ará ibẹ̀ ti rí, nítorí pé inú igbó ni wọ́n tẹ̀dó sí, igbó náà ni ó sì bọ́ wọn. Wọ́n gbin kòkó, wọ́n gbin obì, ṣùgbọ́n ohun tí àlejò kọ́kọ́ máa ń rí ní ojú ọ̀nà wọn ni igi gẹdú: ìrókò, ọ̀gànwó, arère, afárà, tí a tò sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a fi ṣéènì dì. Ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà ni igbó ọba Omo wà, èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ní láti tọ́jú ní ọdún 1977.

Agbégilódò ni àwọn Yorùbá ń pe ọkọ̀ tí ń kó igi wọ̀nyí. Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Ní ayé àtijọ́, etí odò ni wọ́n ń gbé igi lọ. Níbẹ̀ ni wọn a ti so ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn pọ̀, tí omi yóò sì máa gbé wọn lọ gba orí ọ̀sà dé Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ìlagi ti Òkóbàbà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ọ̀nà ọ̀dà ni ọkọ̀ náà ń gbà dé ibi tí ó ń lọ, kò sì dé odò mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò yí padà.

Bàbá kan wà ní Òkè-Agbo tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe iṣẹ́ gbígbé igi sí ọkọ̀ agbégilódò nígbà èwe rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó ń gé igi, kì í ṣe òun ni ó ni ín, kì í sì í ṣe òun ni ó ń wa ọkọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kí igi tí ó wà nílẹ̀ dé orí ọkọ̀. Wọn a fi igi méjì ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí àtẹ̀gùn. Wọn a fi ṣéènì yí gẹdú po. Àwọn kan a máa fà á láti òkè, àwọn kan a sì máa fi ọ̀pá irin tì í láti ìsàlẹ̀. Orin ni wọ́n fi ń fa igi náà, kí agbára wọn lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Igi ìrókò tútù kan ṣoṣo lè wọn tọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ kò ní ohun kan tí ó dá wọn lójú ju ṣéènì àti ẹsẹ̀ ara wọn lọ.

Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ní. Bí gẹdú bá yí, sá. Má ṣe dúró pé o fẹ́ dá a dúró. Má ṣe wẹ̀yìn wo irin tí o sọ sílẹ̀, má ṣe wẹ̀yìn wo bàtà rẹ. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nígbà tí ìwọ wà lórí igi, fò kúrò kí ó tó dé ilẹ̀. Wọn kì í fi ẹnu kọ́ ọmọ tuntun ní òfin yìí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá dé, nígbà tí ó bá yí ẹ̀yìn padà, àwọn àgbà iṣẹ́ a yí igi kékeré kan sí i láti orí òkè láìsọ fún un. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ohun tí ó ń bọ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a tún un ṣe ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń gbéra kí ojú rẹ̀ tó rí igi, a jẹ́ pé ó ti di ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọdún 1984, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ ní òru, ṣéènì já. Bàbá náà fò. Ara rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kò jáde tán. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan tí ó ń to eegun, ó sì lo oṣù márùn-ún níbẹ̀. Egungun náà san, ṣùgbọ́n ó kúrú díẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń rìn títí di òní. Onígẹdú tí ó ni igi wá kí i ní ẹ̀ẹ̀kan, ó mú owó díẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá, kò sì tún padà wá mọ́. Òfin kan ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1941 nípa owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá náà kò gbọ́ orúkọ òfin yẹn rí. Kò sí ìwé kankan níbi tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹnu ni wọ́n fi gbà á, ẹnu náà ni wọ́n sì fi sọ fún un pé kí ó máa lọ sinmi.

Síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ òfin tí àwọn àgbà iṣẹ́ kọ́ ọ ní àìdáa rí. Ohun tí ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé bí òun kò bá fò ní ọjọ́ náà, àyà òun ni igi ìbá gùn. Àwọn ọmọ náà dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Bí abọ́ bá já bọ́ lórí tábìlì, gbogbo wọn ti wà ní ẹnu ọ̀nà.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin kò tẹ̀lé e lọ sí ìdí igi. Nígbà tí ó jáde ní ilé-ìwé, ó lọ sí Àgbárá, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, ó sì di awakọ̀ ẹ̀rọ tí òyìnbó ń pè ní forklift. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ni orúkọ tí ó bá a mu jù. Ọkọ̀ kúkúrú ni, tí ó ní irin pẹlẹbẹ méjì níwájú bí apá. Yóò ti irin méjèèjì bọ abẹ́ pákó tí a to ẹrù lé, yóò gbé e sókè lórí òpó irin, yóò sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n bá fẹ́. Iléeṣẹ́ Clark, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe baba ńlá rẹ̀ ní ọdún 1917, láti máa fi kó ẹrù káàkiri inú ọgbà ara wọn. Ẹrù tí ogún ọkùnrin yóò fi òwúrọ̀ gbé, ẹ̀rọ yìí yóò gbé e kí ènìyàn kan tó jẹ ẹ̀kọ tán. Inú bàbá náà dùn gidigidi. Ó rò pé ọmọ òun ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó ṣẹ́ òun lẹ́sẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà wá kí wọn ní ilé. Ìyá rẹ̀ ro ìkọ́kọrẹ́ fún un, èyí tí kì í fi ṣeré tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn fi ọwọ́ kàn án lásán ni. Bàbá rẹ̀ wò ó títí, ó sì bi í léèrè ohun tí ó ṣe é.

“Ẹ̀rọ dànù pẹ̀lú ẹnì kan nínú wa, Bàbá.”

“Ó kú ni?”

“Kò kú. Ṣùgbọ́n itan rẹ̀ fọ́, egungun ìbàdí rẹ̀ náà sì fọ́ pẹ̀lú. Wọn kò mọ̀ bóyá yóò tún rìn dáadáa mọ́.”

“Ẹrù tí ó gbé ti pọ̀ jù nìyẹn.”

“Kò gbé ẹrù kankan. Òfìfo ni ó ń lọ.”

Bàbá náà mi orí. Ó ronú díẹ̀, ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ igi yóò béèrè: “Kí ni ó ṣe é tí kò tètè fò kúrò?”

“Ó fò, Bàbá. Fífò tí ó fò ni ó ṣe é léṣe. Ìjókòó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìfọ́. Bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, bóyá apá rẹ̀ nìkan ni ìbá bó.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ bàbá náà rárá. Ó dà bí ẹni pé wọ́n bú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ń wó, tí ènìyàn sì jókòó sínú rẹ̀, kí ni ó ń dúró dè? Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó rọra ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ti rí.

Irin kan wà lókè orí awakọ̀ bí òrùlé, tí a fi òpó mẹ́rin gbé dúró, kí ẹrù tí ó bá já bọ́ láti òkè má baà fọ́ ọ lórí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kì í pẹ́. Kò tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá fò yóò fò sí ìhà ibi tí ẹ̀rọ ń wó sí, nítorí pé ìhà ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni etí òrùlé irin náà ń bọ̀. Ènìyàn yóò dé ilẹ̀, irin yóò sì dé bá a níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó lè gbé tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ a máa wọn ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó, tí ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin, tí ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tí ó sì fi ara sí ìhà òdìkejì ibi tí ó ń wó sí, inú òpó mẹ́rin náà ni yóò wà bí ahun ti ń wà nínú ìkarahun rẹ̀. Irú ẹ̀rọ kan wà tí awakọ̀ rẹ̀ kì í jókòó, tí ó ń dúró ní ẹ̀yìn níbi tí ó ṣí sílẹ̀. Ti ìyẹn yàtọ̀, ẹ̀yìn ni yóò gbà bọ́ sílẹ̀. Èyí tí a ń jókòó sí ni ti Àgbárá.

Bàbá náà gbọ́, ṣùgbọ́n ohun kan kò yé e. Ó mọ̀ pé ẹrù ni ó ń dojú ọkọ̀ dé. Agbégilódò tí kò gbé igi kì í ṣubú bí ẹni pé ó mu ẹmu. Báwo ni ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ṣe wá dànù?

Ọmọ náà mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ààrò ìyá rẹ̀ wà. Ó ní kí ó wo òkúta mẹ́ta tí ìkòkò ń jókòó lé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ agbẹ́rù ní lójú ẹni tí ń wò ó, ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ó wà lẹ́yìn wà lórí irin ìdábùú kan tí a fi kọ́ ní àárín nìkan, tí ó ń mì sí ọ̀tún àti òsì kí ẹ̀rọ lè gba orí ilẹ̀ gbágungbàgun. Nítorí èyí, ibi mẹ́ta ni ìwúwo rẹ̀ dúró lé: ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, àti àárín ẹ̀yìn. Níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo gbogbo rẹ̀ bá wà láàárín òkúta mẹ́ta yìí, kò séwu. Bí ó bá yọ síta, ìkòkò dànù.

Lẹ́yìn náà ni ó rán bàbá rẹ̀ létí eré tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe ní ọgbà ìlagi, tí wọn a gbé pákó gígùn dábùú gẹdú kan, tí ọmọ kan a jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀, tí èkejì a jókòó sí òpin. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà rí. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni gẹdú tí pákó dábùú; ẹrù wà ní apá kan, irin wíwúwo tí a dè mọ́ ìdí ẹ̀rọ sì wà ní apá kejì. Bí ẹrù bá wúwo jù, ìdí ẹ̀rọ yóò gbéra nílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń bẹ̀rù èyí. Ohun tí wọn kì í ronú sí ni ìgbà tí ọmọ iwájú bá sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo ìwúwo yóò sún sẹ́yìn, sí ìhà òkúta kẹta, níbi tí àyè ti há jùlọ. Bí awakọ̀ bá wá sáré yí igun nígbà tí kò gbé nǹkan kan, ìwúwo náà yóò rọra fò kọjá etí ààrò, ẹ̀rọ yóò sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ó bá tún gbàgbé apá irin rẹ̀ sókè, tí kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ kí ó tó máa lọ, ọ̀rọ̀ náà burú sí i, bí ẹni tí ó ru igbá gogoro tí ó sì ń sáré. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyí. Ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ kan ń dúró de ẹrù ní ẹnu géètì, ọ̀gá sì ń pariwo pé kí wọ́n yá.

Kì í ṣe Àgbárá nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba kan tí ń ṣe ìwádìí ewu ẹnu iṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NIOSH, ka ikú òṣìṣẹ́ 1,021 tí ó ti ọwọ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù wá láàárín ọdún 1980 sí 1994. Nínú ọgọ́rùn-ún ikú wọ̀nyí, méjìlélógún ni ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó dànù. Kò sì sí ohun mìíràn tí ó pọ̀ tó o. Ogún jẹ́ ti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn tí ẹ̀rọ kọlù. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ka òkú wọn ni a ti lè rí irú iye yìí. Níbi tí a kì í ti í kà á, wọn a sin òkú, wọn a sì gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Bàbá náà wá béèrè bóyá wọ́n kọ́ wọn ní ohun tí ó ń sọ yìí. Ọmọ náà ní wọ́n kọ́ wọn, fún ọjọ́ kan. Olùkọ́ kan wá láti Èkó, ó dúró níwájú wọn, ó ní: “Bí ẹ̀rọ bá ń dànù pẹ̀lú yín, kí ni ẹ ó ṣe?” Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn dáhùn pé: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Gbogbo wọn sì ṣe àmín. Olùkọ́ náà tún un bi wọ́n, wọ́n ní kò ní ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kí ó má ṣe fi ẹnu pe ibi. Nígbà tí ó rí i pé àdúrà náà fẹ́ di ìsìn, ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn bí a ti ń yẹ epo wò. Ọkùnrin tí ó wà ní ẹ̀yìn tí ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ni ó wà ní ilé ìwòsàn nísinsìnyí.

Kò sí àléébù nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó máa ń yí igi lu ọmọ tuntun nínú igbó Ìjẹ̀bú náà ń gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn àmín ni wọ́n máa ń yí i.

Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé: “Ìwọ, bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni, kí ni ìwọ ìbá ṣe?”

“N ó jókòó sínú rẹ̀, Bàbá.”

“Ẹnu rẹ ni ó sọ ìyẹn. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ti gbọ́?”

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Bàbá rẹ̀ wọlé, ó sì gbé àga onígi kan tí ó ní apá jáde sí àgbàlá, níbi tí yanrìn wà. Ó ní kí ó jókòó. Ó ní kí ó wo ojú ọ̀nà, kí ó má wo òun. Ó dúró sí ẹ̀yìn àga náà, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kò sọ nǹkan kan, ó sì dà á sí ẹ̀gbẹ́.

Kí àga tó kan ilẹ̀, ọmọ náà ti dúró ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí bàbá rẹ̀ ti ń fò ní ọdún 1984 gẹ́lẹ́ ni ó fò. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní: “Itan ti fọ́. Jókòó.”

Ó tún un dà. Ọmọ náà tún fò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ kan di àga mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde síta. Ìyá náà gbọ́ ariwo, ó yọjú láti ilé ìdáná, ó ní: “Ẹ̀yin méjèèjì, kí ni ẹ ń fi àga mi ṣe ní òru?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Bàbá náà ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó kúrú kò jẹ́ kí ó lè dúró dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. “Di apá àga mú. Tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Fi ara sí ìhà kejì.” Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọmọ náà dì í mú, ó sì bá àga ṣubú pọ̀, yanrìn sì wọ̀ ọ́ ní etí. Ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí apá àga.

“Nínú igbó, o ti kú,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó dára. Tún jókòó.”

Wọ́n ṣe é títí ó fi di pé ó bá àga ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn láìfò. Nígbà náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti sinmi, ìyá náà sì bu omi fún wọn. Níbẹ̀ ni bàbá náà ti béèrè ẹni tí ń san owó ilé ìwòsàn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ní iléeṣẹ́ san ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé agbaṣẹ́ṣe kan ni ó mú un wá. Agbaṣẹ́ṣe náà ní òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, kò sí ìwé kankan láàárín òun àti rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ń yá owó káàkiri.

Òfin tí ó wà lóde nísinsìnyí kì í ṣe ti ọdún 1941 mọ́. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1987, èyí tí a ṣe ní ọdún 2010 sì rọ́pò ìyẹn. Òfin 2010 yìí kò béèrè ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ó kà á sí òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu ni a fi gbà á, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni tàbí iṣẹ́ ojúmọ́, àní ọmọ-iṣẹ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ pàápàá. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní oṣooṣù ni ó gbọ́dọ̀ máa dá fún àjọ NSITF, láti inú àpò ara rẹ̀, kì í ṣe láti inú owó wọn. Ṣùgbọ́n òfin náà fi ọjọ́ sí i. Ẹni tí ó fara pa, tàbí àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ó bá kú, gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá; agbanisíṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ létí. Ọmọ náà mọ èyí nítorí pé ìwé kan wà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ní ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró kà.

Bàbá náà béèrè ọjọ́ mélòó ni ó ti kọjá. Ọmọ náà kà á: Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni, ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn.

“Ó ku márùn-ún. Ta ni ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀?”

“N kò rò pé ẹnì kan ti sọ fún un.”

“Ìwọ mọ̀, o sì wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ níbí.”

Ọmọ náà tẹ orí ba. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ó sọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, tí kò jẹ́ kí ó lè jẹun. Bí obìnrin náà bá kọ lẹ́tà, wọn yóò béèrè ẹni tí ó rí i nígbà tí ẹ̀rọ dànù. Òun nìkan ni ó wà nítòsí. Bí orúkọ òun bá wọ ìwé náà, wọ́n lè lé òun lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ní ìyàwó àti ọmọ méjì.

Bàbá náà kò bá a wí, kò sì sọ pé wọn kò ní lé e, nítorí pé kò mọ̀. Ó kàn na ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì síwájú, bí ó ti máa ń ṣe ní alẹ́ nígbà tí ó bá ń ro ó, ó sì ń fi ọwọ́ pa á. Ìyá náà ni ó dìde. Ó wọ inú yàrá lọ, ó fa ewé méjì já nínú ìwé ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù, ó sì mú gègé wá pẹ̀lú.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, kí obìnrin náà lè rí i dà kọ kí ó sì fọwọ́ sí i. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó kọ wákàtí. Ó ní kí ó kọ irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, àti ibi tí ó dànù sí, àti ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ní àkókò náà. Ó ní kí ó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé iléeṣẹ́ fọwọ́ sí ọ̀kan fún un, kí ó sì mú un padà wá sílé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ó kọ orúkọ ẹni tí ó rí i sí, ọmọ náà dúró. Kòkòrò ń fò yí iná po. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, agbégilódò kan ń bọ̀ láti ìhà igbó, ṣéènì rẹ̀ ń dún lórí igi, ó sì kọjá lọ.

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó wọkọ̀ padà sí Àgbárá dípò ọjọ́ Ajé, ó sì kọ́kọ́ yà sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ Ajé, tí ó jẹ́ ọjọ́ kọkànlá, akọ̀wé iléeṣẹ́ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó sì fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì fún un.